Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ta Ni Owó Òjijì Ń Kọ́kọ́ Bà Jẹ́?

Láti ìgbà tí a ti tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ojúkòkòrò àti owó òjijì nínú àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìlọrin àti láti àwọn ìlú ìhà gúúsù Kwara. A mú mẹ́rin nínú wọn dáhùn lóṣù yìí. A gé wọn kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òmù-Àrán. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ka The Pearl tí John Steinbeck kọ, ìtàn Kino, apẹja òtòṣì tó rí péálì ńlá nísàlẹ̀ òkun. Àwọn ọmọ náà takú pé Kino kò ní ojúkòkòrò kankan: ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ ra aṣọ, ó sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé. Wọ́n ní bí ìyẹn bá jẹ́ ojúkòkòrò, a jẹ́ pé gbogbo òbí tó wà ní Òmù-Àrán ló ní in. N kò rí èsì fi fún wọn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ọ̀gá. Àwọn ọmọ yín jàre, ohun tí wọ́n sì rí yẹn, òǹkọ̀wé náà mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Ní ọdún 1940, Steinbeck bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí agbègbè La Paz ní Mẹ́síkò, ó sì gbọ́ ìtàn kan níbẹ̀ nípa ọmọkùnrin kan tó rí péálì ńlá. Nínú ìtàn tí ó gbọ́, èyí tí ó kọ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ tó jáde ní 1941, ọmọkùnrin náà ń ro bí òun yóò ṣe máa mutí yó bó ṣe wù òun, tí òun yóò sì máa ṣa èyí tó bá wu òun mú nínú àwọn ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí Steinbeck jókòó kọ The Pearl, tí ó jáde ní 1947, ó yọ ọmọ aláfẹ́ yẹn kúrò, ó fi baálé ilé rọ́pò rẹ̀, ó sì fún un ní ìyàwó tí ń jẹ́ Juana àti ọmọ ọwọ́ tí ń jẹ́ Coyotito. Ó fọ ìfẹ́ ọkàn Kino mọ́ tónítóní. Bó bá ṣe pé ọ̀mùtí ni owó náà pa, a ó kàn ní ìyà tó tọ́ sí i ló jẹ ẹ́, a ó sì pa ìwé náà dé.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín wò ni ìbẹ̀rẹ̀ orí kẹta, níbi tí ìròyìn péálì náà ti ń kárí ìlú. Kí Kino tó rí i, àkeekèé ti ta Coyotito, wọ́n sì gbé ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà dókítà. Péálì kéékèèké mẹ́jọ tí kò ní láárí ni bàbá rẹ̀ ní lọ́wọ́, ni dókítà bá ní kí ìránṣẹ́ òun sọ pé òun kò sí nílé. Nígbà tí ìròyìn péálì ńlá dé etígbọ̀ọ́ dókítà yìí kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oníbàárà òun ni Kino, òun ni òun sì ń tọ́jú ọmọ rẹ̀. Àlùfáà ń ro àtúnṣe tí ilé ìjọsìn rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn onísọ́ọ̀bù ń wo aṣọ ọkùnrin tí kò tíì tà. Inú àwọn alágbe tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà ń dùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń là bíi ti tálákà tí ọlà já lù lójijì. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò tíì fojú kan péálì náà. Gbígbọ́ ni wọ́n gbọ́, gbígbọ́ yẹn nìkan ló sì tó láti mú kí Kino, tí kò já mọ́ ohunkóhun lójú wọn láàárọ̀, di ọ̀tá gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti Ọjà Ọba dé Ìpàta kí ẹni tó sọ ọ́ tó délé kò ní bá Steinbeck jiyàn níbí.

Nítorí náà, èsì tí ẹ lè fún àwọn ọmọ ni pé àwọn tó gbúròó owó ni owó òjijì kọ́kọ́ ń bà jẹ́, kí ó tó kan ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni ín, ìbẹ̀rù ló ń bà á jẹ́, kì í sì í sábà jẹ́ ojúkòkòrò. Ẹ wo ohun tí Kino fẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: ìgbéyàwó, aṣọ, ọ̀kọ̀ ìpẹja, ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ, àti ìbọn. Ìbọn nìkan ni kò jọ àwọn yòókù. Kí òru ọjọ́ náà tó jìnnà, ọkùnrin tí kò ní ohun tí olè lè jí rí ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ láti bo ohun ìní mọ́lẹ̀, ọ̀bẹ sì wà ní ìtòsí rẹ̀. Ìgbà tí Juana jí péálì náà gbé kí ó lè sọ ọ́ padà sínú òkun, Kino sáré tẹ̀ lé e, ó gbá a lójú, ó sì fi ẹsẹ̀ ta á nígbà tó ṣubú. Obìnrin tó fẹ́ fi owó náà gbé níyàwó lọ́nà tó dára ni ó ń fi ẹsẹ̀ ta yìí. Ibi tí ìbàjẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ Kino gan-an nìyẹn, ohun tó sì gbé e débẹ̀ ni pé ẹ̀rù àdánù ti bò ó.

Àwọn kan yóò ní kí ni kò jẹ́ kí ó gba iye tí àwọn oníṣòwò péálì fún un. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ̀gá kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ fún, síbẹ̀ wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń bá ara wọn dù ú. Ẹni àkọ́kọ́ fi 1,000 pésò lọ Kino, nígbẹ̀yìn ó gbé e dé 1,500. Kino ní 50,000 ni òun yóò gbà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń jà fún. Ìlú tó rẹ́ ẹ jẹ ni kí a bi pé kí ló dé.

Bí àwọn ọmọ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ ka ìtàn kan tí Mark Twain gbé jáde ní 1899 fún wọn, The Man That Corrupted Hadleyburg. Hadleyburg jẹ́ ìlú tó ń fi òtítọ́ inú rẹ̀ yangàn. Wọ́n ṣẹ àlejò kan, àlejò náà kò sì gbà gbé. Ó gbé àpò wúwo kan wá sí ilé àgbàlagbà akọ̀wé báńkì kan, Richards, lóru, ó ní wúrà tó tó 40,000 dọ́là ni ó wà nínú rẹ̀, pé ti ẹni tó ta òun lọ́rẹ 20 dọ́là nígbà tí nǹkan le fún òun ni, ẹni tó bá sì lè sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú tó bá òun sọ lọ́jọ́ náà ni kí ó gbé e. Lẹ́yìn náà ó kọ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ sí ìdílé mọ́kàndínlógún tó lókìkí jù nínú ìlú, ó fi ọ̀rọ̀ ìyànjú náà hàn ìdílé kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ni ó bá mulẹ̀. Wàyí o, kò sí ìdílé kan nínú wọn tí ó jí owó. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan àpò. Síbẹ̀, kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, tọkọtaya kọ̀ọ̀kan ti ń wéwèé ilé tuntun àti àsè ní òru, àwọn mìíràn sì ti ń jẹ gbèsè sórí owó tí kò tíì dé. Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n ka ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo ìlú, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì kọ. Nígbà tí wọ́n tú àpò náà, òjé tí wọ́n fi wúrà kùn ni ó wà nínú rẹ̀.

Twain le jù fún mi níbì kan: ó dà bí ẹni pé ó gbádùn ìtìjú àwọn ènìyàn náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe fún Richards àti ìyàwó rẹ̀ Mary kò ní àfiwé. Ìwé tiwọn ni pásítọ̀ kan fi pamọ́ tí kò kà, nítorí oore kan tí Richards ti ṣe fún un. Ìlú bá gbé wọn ga gẹ́gẹ́ bí olódodo kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, owó ńlá sì wá bá wọn lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti sùn mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ bá sọ lórí pẹpẹ, wọ́n ń rò pé àwọn ni ó ń bá wí; gbogbo kíkí tí ó bá kí wọn, wọ́n ń wá òye mìíràn sí i. Wọ́n ṣàìsàn, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n sì kú. Kò sí ohun tí owó náà rà fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìlọrin, ọmọ mi obìnrin ló ka ìwé yín sí mi létí. Alfa wa ti ṣe wáàsí lórí Kọ́rúnù, olówó inú Àlùkùránì, rí, ó sì jọ àwọn ìtàn tí ẹ sọ. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni ti ìyàwó. Àwọn ọkùnrin máa ń ní obìnrin ló ń ti ọkùnrin sídìí owó. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé wí?

ÌDÁHÙN: Àláájà, a kí yín, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín. Ìtàn Kọ́rúnù tí ẹ mẹ́nu bà wọlé sí ọ̀rọ̀ yìí ju bí ẹ ti rò lọ. Nínú Súrà kejìdínlọ́gbọ̀n, a gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ àwọn àpótí ọrọ̀ rẹ̀ wúwo fún ẹgbẹ́ alágbára láti gbé, a sì gbọ́ pé ilẹ̀ gbé òun àti ilé rẹ̀ mì. Ibi tí àwọn oníwáàsí sábà máa ń dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, àwọn tó ń wòran Kọ́rúnù nínú ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sọ pé ìbá dára bí àwọn náà bá ní irú ohun tó ní. Nígbà tí ilẹ̀ gbé e mì tán, àwọn kan náà ló ń dúpẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àwọn òǹwòran ni Àlùkùránì ń fi hàn wá níbẹ̀, àwọn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan.

Ní ti ìyàwó, ìwé kò fọhùn kan. Juana ni ó kọ́kọ́ rí i pé péálì náà yóò pa wọ́n run, òun náà sì ni kò fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sá lọ sórí òkè tí àwọn ọlọ́dẹ ń tọpa wọn, títí ìbọn fi ba Coyotito tí ọmọ náà sì kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kejì, nítorí òun ni àwọn ọkùnrin ìbá máa tọ́ka sí bí wọ́n bá kàwé. Trina ni orúkọ rẹ̀ nínú McTeague, ìwé tí Frank Norris gbé jáde ní 1899 nípa dókítà eyín kan ní San Francisco. Trina jẹ lọ́tìrì 5,000 dọ́là nígbà tí ìgbéyàwó òun àti dókítà eyín náà kù díẹ̀. Ó kó owó náà sí òwò ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀, ó ń gba èlé 25 dọ́là lóṣù, ó sì búra pé òun kò ní fọwọ́ kan ojúlówó rẹ̀ láé. Títí dé ibí, ìyá rere ni a ó pè é. Ta ni kò mọ ìyá tó ń so owó mọ́ ìgbátí? Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń kó láti yàrá kan sí èyí tó burú jù ú lọ, kò fọwọ́ kan owó náà síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bù ú jẹ ní ìka kí ó lè yọ díẹ̀ fún òun. Nígbà tó yá, ó gba gbogbo rẹ̀ ní wúrà, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń sùn lé e lórí. Ọkọ rẹ̀ ló pa á.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tó fa gbogbo rẹ̀, n kò ní dárúkọ Trina ṣáájú. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ kan wà, Marcus, tí ó ti ń fẹ́ Trina tẹ́lẹ̀ tí ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tinútinú. Lọ́jọ́ tí lọ́tìrì jáde ni oore yẹn yí padà sí ìbínú nínú rẹ̀: lójú rẹ̀, 5,000 dọ́là òun ni wọ́n gbé lọ. Òun ló lọ fi ẹjọ́ sùn pé dókítà eyín náà kò ní ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n fi pa iṣẹ́ rẹ̀ dé. Kì í ṣe obìnrin ló ti ọkùnrin sídìí owó níbẹ̀, Àláájà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọ̀dọ́ ni mí ní Tánkẹ̀, Ìlọrin, mo sì ń wáṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n irú ìtàn wọ̀nyí dà bí oògùn oorun tí àwọn olówó ń fún tálákà. Wọ́n fẹ́ kí a gbà pé bí owó bá dé a ó bàjẹ́, kí a má baà béèrè fún un. Mo mọ àwọn tí owó bá lójijì tí wọ́n sì gbẹ́ kànga fún àdúgbò.

ÌDÁHÙN: Kò sí ìbínú níbẹ̀. Lẹ́tà rẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òdodo sì wà nínú rẹ̀. Tolstoy, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà tó kọ ìtàn Pahom àgbẹ̀ ní 1886, ọmọ ìjòyè onílẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀. Ó rọrùn fún irú rẹ̀ láti sọ pé ilẹ̀ díẹ̀ tó ènìyàn. Pahom ní bí òun bá ní ilẹ̀ tó pọ̀ tó, òun kò ní bẹ̀rù èṣù pàápàá, èṣù sì gbọ́ ọ lẹ́yìn ààrò. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó rà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Bashkir, ẹ̀yà kan ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n ní kí ó san 1,000 rúbù kí ó sì gba gbogbo ilẹ̀ tó bá lè fẹsẹ̀ yí ká kí oòrùn tó wọ̀. Ó rìn jìnnà jù, ó sáré padà, ó ṣubú, ó kú, ihò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni wọ́n sin ín sí. Lójú tèmi, èṣù yẹn kò ṣe pàtàkì nínú ìtàn náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu Pahom ti tó. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ìtàn tí olówó sọ fún tálákà ni, n kò ní ta ko ọ́.

Èyí tí n kò ní gbà fún ọ ni pé gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀. Nínú The Treasure of the Sierra Madre, tí B. Traven kọ, tó jáde ní Jámánì ní 1927, àwọn mẹ́ta tí kò rí iṣẹ́ ṣe ní Mẹ́síkò, Dobbs, Curtin àti Howard arúgbó, lọ wa wúrà. Wọ́n rí i. Dobbs bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé Curtin fẹ́ pa òun, ó sì fi ìyẹn yìnbọn fún Curtin ṣáájú. Àwọn ọlọ́ṣà pa Dobbs nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti awọ ẹran tó kó, wọ́n sì da wúrà náà nù bí iyanrìn. Ìgbà tí Howard gbọ́, ẹ̀rín ló fi bọnu. Arúgbó yẹn ti rí wúrà rí, ó ti pàdánù rẹ̀ rí, ó sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbéra nílé. Kò bàjẹ́. Traven kò sọ níbì kankan pé kí wọ́n má lọ wá owó. Ebi tó lé wọn jáde nílùú ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ẹlòmíràn tí yóò wù ọ́ ni Pip nínú Great Expectations tí Charles Dickens kọ láàárín 1860 sí 1861. Pip jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Joe alágbẹ̀dẹ, lọ́jọ́ tí lọ́yà kan wá sọ pé ẹnì kan tí kò fẹ́ kí a mọ òun ti fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: kí Pip tó ná kọ́bọ̀ kan tán, télọ̀ tí kò kà á sí tẹ́lẹ̀ ti ń tẹrí ba fún un, Pumblechook tó ti ń fojú ọmọ náà gbolẹ̀ láti kékeré sì ń di ọwọ́ rẹ̀ mú léraléra, ó ń tọrọ àyè láti bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n kọ́ Pip bí wọ́n ti ń fojú pa ènìyàn rẹ́ nípa fífi bí ojú ṣe ń yí padà hàn án. Ìgbà tí Joe wá kí i ní Lọ́ńdọ̀n, tí ó ń pè é ní "sà" tí fìlà rẹ̀ sì ń já bọ́, Pip ń ro pé òun ìbá sanwó kí Joe má wá. Joe yìí ni lọ́yà ti fi owó lọ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn fún ọmọ iṣẹ́ tó pàdánù, tí ó sì fẹ́ bá a jà nítorí ẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kan tí Pip fún lóúnjẹ ní kékeré ni owó náà ti wá. Kò wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin olówó tó rò. Pip bàjẹ́, ó sì tún sunwọ̀n. Dickens kò sọ pé kí ó má kúrò nílé alágbẹ̀dẹ. Nítorí náà, ẹni tó gbẹ́ kànga ní àdúgbò yín kò tako ìwé, àwọn tó mọ̀ ọ́n kí owó tó dé ni kí o lọ bi bí òun àti wọn ṣe wà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé, ipele kejì ni mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà? Ṣé kò sí ti Yorùbá ni?

ÌDÁHÙN: Ti Yorùbá wà, ọmọ wa, ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé ojúkòkòrò Ìjàpá nínú àlọ́ wa, ọ̀pọ̀ ìgbà, ti oúnjẹ ni. Àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kí ó lè lóyún ni Ìjàpá jẹ, tí ikùn rẹ̀ fi wú. Oúnjẹ ní ìwọ̀n tí ikùn gbà, owó kò ní. Ìdí nìyẹn tí àlọ́ wọ̀nyẹn fi ń pani lẹ́rìn-ín tí McTeague kò sì pani lẹ́rìn-ín rárá. Nínú ìwé, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àdììtú Olódùmarè tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1961, nítorí òṣì tí Àdììtú ti inú rẹ̀ jáde ni ó fi jìnnà sí ti gbogbo àwọn tí a ti sọ lókè.

Ní ti òkèèrè, ka ti Tolstoy ní àkọ́kọ́, kò gùn, o lè parí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan; How Much Land Does a Man Need? ni àkọlé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn rẹ̀, wá ìtàn tí Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sí ẹnu Pardoner (ẹni tí ń ta ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀) nínú The Canterbury Tales, tó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún: ọ̀mùtí mẹ́ta ń wá Ikú láti pa á, wọ́n rí wúrà nísàlẹ̀ igi, àbúrò wọn lọ ra búrẹ́dì àti ọtí wáìnì, ó fi májèlé sí ọtí, àwọn méjì tó kù pa á, wọ́n sì mu ọtí náà. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ rẹ̀ yóò dá ọ lágara, nítorí náà bi olùtọ́jú yàrá ìkàwé yín bóyá èyí tí wọ́n ti tún kọ ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní wà. Fi McTeague sí ìkẹyìn, nítorí ó gùn.